Báńkì Kì í Fẹ́ Kí A Lá Àwo

Mo fẹ́ ra mọ́tò láwìn, kí n máa fi lọ bá ẹgbẹ́ akọrin wa láti Lithonia tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ní credit score mi, máàkì tó ń sọ bóyá mo ṣeé yá lówó, ti wálẹ̀ jù. Mo pe Ṣìkẹ́mi, ọmọ ọmọ mi, ó wá yẹ ìwé káàdì tí mo fi ń yá owó báńkì ná wò.

"Grandma, gbogbo limit káàdì yìí, iye tí báńkì ní ẹ lè yá, lẹ máa ń ná tán!"

"Wọ́n fún mi, ṣé kí n kọ oore ni? Mo kúkú ń san án lóṣooṣù."

"Tó bá ti kún báyẹn, wọ́n á ní ebi ń pa yín. Ẹ lo díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ èyí tó pọ̀ kù."

Ẹ̀rín pa mí. Àṣé bí àlejò ilé àna ni, tí kì í jẹun tán! Èmi tí mo na ìyá rẹ̀ torí ó lá àwo!

Nígbà tó ṣe, score gòkè, mọ́tò dé. Mo ń wà á, mo ń kọrin:

"Mo jẹ díẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ kù o,
Báńkì rò pé mo ti yó!"