Bàbá Titus àti Ọkọ̀ Ojú Irin Kùsà

Bí Kúnbi ṣe ń mú Bàbá Titus, bàbá ìyá rẹ̀, gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ wọn ní Wuse, inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Òun ló fọwọ́ sọ̀yà fún ọ̀gá rẹ̀ pé bàbá náà wa ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń kó kùsà, ìyẹn òkúta tánńganran, láti Bukuru lọ sí Zaria láyé òyìnbó. Ọ̀gá ní kí bàbá wá sọ̀rọ̀ níbi ọjọ́ ìtàn wọn, tí wọ́n fi ń rántí ojú irin àtijọ́. Gbogbo ẹbí ní Kuje ló sì máa ń fi ìtàn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ irọ́, Kúnbi gbé níbi iṣẹ́.

Wọ́n ti lẹ téèpù dúdú sílẹ̀ gbọ̀ngàn, ó dà bí irin méjì. Bàbá wò ó, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Èyí kọ́ o. Ojú irin ńlá lẹ yà yìí. Tiwa ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá Akínjídé rẹ́rìn-ín. "Bàbá, inú ìwé la ti rí i, sà."

"Ṣé ìwé gun ọkọ̀ náà ni?"

Kúnbi rọra fa Bàbá láṣọ. Bàbá ti bọ́ bàtà ní tirẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́ téèpù kan, ó di Kúnbi lápá mú, ó wá ya ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Bí ẹrẹ̀ bá bo ilẹ̀, báyìí la ṣe máa ń dúró sórí irin méjèèjì jẹun. Ẹ wọ̀n ọ́n!"

Akínjídé wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó tún ìwé ṣí, ó rí iye yẹn gan-an níbi tí wọ́n kọ ti ọkọ̀ kékeré sí.

"Kai! Ojú ewé ọkọ̀ ńlá ni mo kà!"

Ariwo ta. Kúnbi fò mọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó rántí pé ọ̀gá ni.

Ìgbà yẹn ni Bàbá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, mi ò wakọ̀ rí."

"Háà, Bàbá!"

"Èmi ni mo máa ń sáré níwájú rẹ̀, tí mò ń lé màlúù kúrò lójú irin. Ìgbà tí mò ń fẹ́ ìyá ìyá rẹ ni mo pe ara mi ní awakọ̀. Mi ò wá rọ́nà sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a."

Kúnbi fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni kò jẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ tínínrín tó ti sá níwájú ọkọ̀ òyìnbó láàárín ọ̀pọ̀ màlúù, ìfẹ́ bàbá yìí sì kún ọkàn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, Bàbá. Èyí dùn ju tawakọ̀ lọ."

Bàbá fi fìlà bojú, ó mi orí pé kó sọ ọ́. Kúnbi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará, bàbá mi ò wakọ̀ o, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá lé màlúù. Ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé wọn!"

Gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe. Ẹnìkan bi Bàbá láti ẹ̀yìn bóyá ọkọ̀ náà ò lé e bá lọ́jọ́ kan rí.

"Bá ta? Èmi?" Bàbá ti ká sòkòtò dé orúnkún. "Ẹ sún sẹ́yìn."