Alákàn Tó Mọ Ìkíni

Inú omi òkun ni ìyá mi jókòó sí, lórí àpótí tó máa ń jókòó lé dáná láyé, nínú ìyẹ̀wù tó ti máa ń sùn. Wọ́n ti yọ ògiri ìyẹ̀wù náà tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi gíláàsì dípò rẹ̀, omi sì kún un dé àjà. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti kú, ìyẹn kò sì yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìdọ̀tí.

Iyùn ọrùn rẹ̀ ti jí. Ó ti padà sí bó ṣe wà nínú òkun kí wọ́n tó gé e: ó yọ ẹ̀ka, ó gùn ún léjìká, ó gba orí ibùsùn, ó tàn dé ojú fèrèsé. Àwọn ẹnu kéékèèké ara rẹ̀ ń là, wọ́n ń pa dé. Ẹja pupa ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà. Ì bá dára ní wíwò, bí kì í bá ṣe èérí tútù kan tó ń yọ̀, tó ń hù lára gbogbo rẹ̀, irú èyí tó máa ń hù nínú ìkòkò omi ọ̀lẹ. Ó ti bo iyùn, ó ti bo gíláàsì, ó ti gun ìyá mi dé àgbọ̀n. Bí mo ṣe ń wò ó, ó kan ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ètè yẹn ni mo nílò. Ìyá mi nìkan ló ń fi oríkì pè mí láyé. Nígbà tó lọ, kò sí ẹni tó tún pè é, èmi náà sì wá a títí nínú orí mi, n kò rí i mọ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́, mo sì rí i pé ó rò pé n kò yẹ lẹ́ni tí à ń sọ ọ́ fún.

Sànúsí Alágbàtà wọlé, ó ru garawa. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ló ń bá àwọn ará ìlú wa tà láyé, àgbò ló sì kàn án pa. Nísinsìnyí, àwọn tó ń gbá inú omi ló ń bá èèyàn wá.

"Ẹ yan èyí tó bá wù yín," ó ní. "Ẹ má kó gbogbo wọn o. Bí wọ́n bá ju ìdọ̀tí lọ, ebi á pa wọ́n, wọ́n á dojú kọ ara wọn."

"Sànúsí, ṣé ìwọ kọ́ lo ta ewúrẹ́ aboyún fún bàbá mi, tó wá bí afẹ́fẹ́ lásán?"

"Afẹ́fẹ́ tó bí náà ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí."

Mo wo inú garawa. N kò rí ẹni gidi kan níbẹ̀.

Edé ló kọ́kọ́ jáde, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa yọ ohun tó bá há sí ẹja léyín. Mo bi í bóyá ó máa ń tọrọ àyè kó tó jẹ àjẹkù ẹnu ẹlẹ́nu. Ó ní ẹnu tó bá ti là ti gbà. Mo ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èkejì dà bí òòrẹ̀ tó ká ara jọ, ẹ̀gún ni látòkè délẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn. Kí n tó bi í ní nǹkan, ó ti jẹ igun kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Igun mẹ́ta ló kù. Mo lé e. Ẹ̀kẹta gùn gbọọrọ bí ìfun màlúù. Ó ń jẹ iyanrìn, ó ń ya iyanrìn. Sànúsí ní èyí tó ń yà mọ́ ju èyí tó ń jẹ lọ. Mo ní mo ní àwọn ìbátan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, wọ́n ti fi í joyè.

Ìgbín òkun kò dúró kí wọ́n pe òun. Nígbà tí mo máa wò, ó ti wà nínú omi, ó ti fi ẹnu lé gíláàsì, ó ń lá a lọ. Kò kí mi, kò kí Sànúsí, kò kí òkú tó bá nílé.

"Ìwọ, ta ló bí ọ?" mo bi í.

Gíláàsì ló dáhùn. "Ẹnu rẹ̀ dí."

"Ẹnu tí kò lè kí èèyàn, kí ló ń fi í ṣe?"

"Èmi ló ń fi í fọ̀."

Sànúsí ní, "Ẹ mú un. Ẹni yín nìyẹn."

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tó jí, tó gbá gbogbo agbo ilé láì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, kò gbá nǹkan kan. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, ilẹ̀ ló fi ń wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tí ẹnu tirẹ̀ wà. Ó ti lá gíláàsì kọjá, ó ti gun àgbọ̀n ìyá mi, ó sì ti tú ètè rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi la ẹnu. Mo na ọwọ́ sí i pé kó ní sùúrù ná, pé ọ̀rọ̀ ìwà là ń sọ lọ́wọ́.

Ẹni tó kù nínú garawa ni alákàn kékeré kan tó ń gbé inú ìkarahun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó yọ ìdajì ara síta, ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ kú àbójútó ilé, baba. Ẹ kú ìnáwó omi. Ẹ kú àìrójú. Kí ni oríkì yín, kí n fi kí yín dáadáa?"

"Òun ni mo dúró dè."

"Ẹ kú ìdúró."

Mo ní èèyàn nìyí. Sànúsí ní kí n bi í ní ohun tó ń jẹ. Mo ní a kì í bi ọmọlúàbí ní ohun tó ń jẹ. Mo ní kí alákàn wọlé, kó lọ fi ẹ̀kọ́ ilé han ìgbín yẹn.

Alákàn wọlé. Ó kí ìgbín pé ó kú iṣẹ́. Ó já a kúrò ní àgbọ̀n ìyá mi, ó fà á yọ nínú ìkarahun rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó sì fẹ̀yìn wọ ìkarahun olóògbé. Èérí tútù padà gun ètè ìyá mi, ó dé imú.

"Gbálẹ̀," mo ní.

"Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, baba. Wọn ò fún wa ní ti ìgbálẹ̀."

Sànúsí ti ru garawa rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. "Mo sọ fún afẹ́fẹ́ náà," ó ń wí fún ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi fi etí ìró nu ẹnu ara rẹ̀, ó pe oríkì mi. Mo gbọ́ ọ. Ó dùn. Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní funfun, ó lọ́ bí ìkarahun, ó ń rọra já bọ̀ nínú omi. Mo ti ọwọ́ sí gíláàsì kí n gbà á. Gíláàsì ní òun kò tíì mọ́ tó ohun tí ọwọ́ lè gbà kọjá.

Alákàn dé ibẹ̀ kó tó balẹ̀. Ó yí i po, ó fi ọwọ́ wọn ẹnu rẹ̀, ó yọjú wo inú. Ó jáde nínú ilé ìgbín, ó fẹ̀yìn wọ oríkì mi, ó sì bá a mu. Láti ìgbà yẹn, n kò rántí oríkì náà mọ́.

Ìyá mi wò mí, ó pòṣé, omi hó. Ó tún un pè, lọ́nà tí à ń gbà pe ọmọ pé kó wá jẹun. Mo rí ètè rẹ̀ tó mì, n kò gbọ́ ohun tó sọ.

"Mà!" alákàn dáhùn.

Ó sáré lọ bá a. Ìyá mi gbé e lé itan, ó ń fi èékánná ha èérí tútù kúrò lẹ́yìn rẹ̀.