Ẹnu Ọ̀nà Kejì

Ó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn bí ẹni tó ń kan ìṣó. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò mì.

Láti òwúrọ̀ ni inú ti ń bí i. Ó ti pé oṣù márùn-ún tó ti lé àbúrò rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ dá sílẹ̀, síbẹ̀ gbogbo fáìlì tó bá ṣí, ọwọ́ ọmọ náà ló ń bá níbẹ̀. Lónìí, ó ní òun yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Sávà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tún ṣe, kò sí nínú yàrá náà. Wọ́n ń yá a lò ni, òkèèrè ló wà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní, eth0 àti eth1. Ọ̀kan kọjú síta, níbi tí gbogbo ayé ń gbà wọlé. Ìkejì kọjú sínú, síbi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Láti ọdún méjìlélógún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, eth0 ló ń bá níta.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ sọ lójú oníbàárà pé, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti yá eléyìí, eth1 ló kọjú síta. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ọmọ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà.

Ó ti pa gbogbo ìlà eth1 tí àbúrò rẹ̀ kọ sínú fáìlì rẹ́ báyìí, ó sì ti ní kí nẹ́tíwọ́kì tún bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ kékeré kan ì bá ti fi èyí tó kọjú síta hàn án. Kò tẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò máa bi léèrè? Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé ló tì, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ta.

Fóònù dún. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì báńkì ẹ̀jẹ̀ ni. Inú sávà náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, irú ẹ̀jẹ̀ tó wà àti fíríìjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ó ní obìnrin kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ti ń ṣí fíríìjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ bá wa tètè ṣe é, sà."

Ọ̀nà ẹ̀yìn kan wà, ṣùgbọ́n orí fóònù àbúrò rẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i ń wọlé sí. Ó ju ife mọ́ ògiri. Ó bú àwọn tó ni sávà, ó bú àga. Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Kò kí i. Ó ní kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀ bi í: "Eth1 lẹ pa, àbí?"

Èébú ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. "Mo pa á."

"Ó ti tó ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ku mẹ́ta."

Àbúrò ṣàlàyé pé òun ti fi ètò ẹ̀ṣọ́ kan sínú sávà náà. Bí sávà kò bá gbúròó ìta fún ogún ìṣẹ́jú, yóò fúnra rẹ̀ padà sórí fáìlì àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n bi í pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Bí inú bá ti ń bí yín, ẹ kì í wẹ̀yìn."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó ń gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, sávà padà, kọ̀ǹpútà béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Nọ́ọ̀sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: fíríìjì kẹrin, àpò méjì, wọ́n ti ń gbé e lọ.

Ó ṣí fáìlì ẹ̀ṣọ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà lókè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí òun ju báàgì ọmọ náà síta ni. Kọ́kọ́rọ́ sávà ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá fẹ́, ì bá ti tì í mọ́ òun.

Inú ṣì ń bí i. Ó wá ẹni tí inú ń bí i sí, kò bá àbúrò rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ ṣì wà lórí ìlà, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo wà."

Ìlà eth1 wà níwájú rẹ̀, ó pé. Ó mọ ìdáhùn. Síbẹ̀ ó bi í.

"Èwo ló kọjú síta níbẹ̀?"