Outi, Ọmọ Kan Ṣoṣo Hilkka

Nígbà tí Hilkka wà lọ́mọdé, ilé bàbá rẹ̀ ní abúlé Korpilampi kì í dákẹ́. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, òun sì ni àkọ́bí. Tí ìyá wọn bá fẹ́ pe ẹnì kan, orúkọ mẹ́ta mẹ́rin ni yóò kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó kan èyí tí ó ń wá. Ní báyìí tí Hilkka ti lé ní àádọ́rin ọdún, ilé tí òun àti Tauno, olóògbé ọkọ rẹ̀, kọ́ sétí adágún dákẹ́ débi pé tí èso bá já lára igi lóde, á gbọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti fọ́n ká. Àwọn kan wà ní Helsinki, àwọn kan tẹ̀ lé iṣẹ́ lọ sí Sweden, àwọn kan sì ti sùn sí itẹ́ òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì ti di ibi tí àwọn ọdẹ ń kun ẹran sí. Kò sí ogun, kò sí àjàkálẹ̀ àrùn. Àwọn ọ̀dọ́ kàn ń lọ ni, àwọn tí ó kù kò sì bímọ.

Outi nìkan ni Hilkka bí. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni Outi ń ṣe ní Tampere, ó sì ti pẹ́ tí òun àti Jarkko ti fẹ́ ara wọn. Hilkka kò bi wọ́n léèrè ọmọ ní tààrà rí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ló máa ń gbà. Á ní, "Ọmọ Raija, aládùúgbò wa, tún ti bí ìbejì o." Nígbà mìíràn á ní, "Mo ti fi ọ̀dà funfun kun yàrá òkè yẹn. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa báyìí." Outi á ní, "Ó dáa, Màmá," á sì yí ọ̀rọ̀ sórí òjò.

Nígbà àjọ̀dún àárín ẹ̀rùn lọ́dún kan, Outi àti Jarkko wá sílé. Jarkko gbé ọkọ̀ ojú omi Tauno lọ dẹ àwọ̀n, ìyá àti ọmọ sì wọ inú sáúnà lọ, yàrá onígi tí wọ́n ti ń fi ooru òkúta gbígbóná wẹ̀. Outi ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Nínú sáúnà, bí aṣọ kì í ti sí lára èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kì í wọ aṣọ.

"Outi, ọjọ́ ń lọ o."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ṣé dókítà sọ nǹkan kan ni? Tí ìṣòro bá wà, sọ fún mi. Kò ní kúrò níbí."

Outi bu omi sórí òkúta gbígbóná, ooru rú bo àwọn méjèèjì.

"Kò sí ìṣòro kankan. A ò fẹ́ bímọ ni. Ó ti pẹ́ tí èmi àti Jarkko ti fẹnu kò. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín, mo kàn ń sá fún un ni."

"Ẹ ò fẹ́, báwo?"

"Bí mo ṣe wí i náà ni. Ayé tí à ń jẹ tẹ́ wa lọ́rùn. Mo fẹ́ràn ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fà sí kí n ní tèmi rí."

"Tí o bá wá darúgbó ńkọ́? Ta ni yóò bu omi fún ẹ mu?"

Outi rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló ń bu tiyín, Màmá? Tampere lèmi wà."

Ẹ̀rín ni Outi fi ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta Hilkka lára bí iná. Èsì sì ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rò ó. "Igi gbígbẹ lo fẹ́ dà nìyẹn. Igi gbígbẹ tí kò léwé, tí kò léso."

Ẹyin lohùn. Outi fún omi kúrò ní irun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó dìde, ó sì jáde lọ bẹ́ sínú adágún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí kọfí tó hó, òun àti Jarkko ti di ẹrù sínú mọ́tò.

Láti ìgbà náà, Outi kò pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday mọ́. Ọ̀rọ̀ ṣókí ló ń tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: ara òun yá, iṣẹ́ pọ̀, kí Màmá tọ́jú ara. Hilkka náà ní ìgbéraga tirẹ̀. Ó ń dá a lóhùn ní ṣókí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, àlejò kó wá sí ilé tí ó ti pẹ́ tí ó ṣófo ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Rowena lorúkọ obìnrin náà. Orílẹ̀-èdè Philippines ni ó ti wá láti máa tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú tó wà nílùú tó sún mọ́ wọn. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan, Ligaya. Iṣẹ́ Rowena máa ń bẹ̀rẹ̀ kí jéléósinmi tó ṣílẹ̀kùn, kò sì mọ ẹni tí ó lè gbé ọmọ sí lọ́wọ́. Ó kan ilẹ̀kùn Hilkka.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Láàárọ̀ nìkan ni. Ọmọ náà kì í yọ èèyàn lẹ́nu."

Hilkka wo ọmọ náà, ọmọ náà sì wo ológbò rẹ̀. "Wọlé kí òtútù má pa yín," Hilkka wí. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ láàárọ̀, àwọn méjèèjì á jọ po ìyẹ̀fun, wọ́n á jọ fi ànàmọ́ gígún àti èso pupa inú igbó dí i nínú, wọ́n á yan án. Ligaya á jẹ ẹ títí ẹnu rẹ̀ á fi pọ́n. Kò pẹ́ tí ó fi ń pè é ní mummo, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń pe ìyá àgbà wọn. Pentti, ará àdúgbò wọn kan, bá wọn pàdé ní ilé ìtajà.

"Hilkka, ọmọ ọmọ yín rèé? Imú Tauno ló gbé wá."

"Tauno níbo? Imú Tauno ò dáa tó èyí."

Pentti rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nígbà tí Hilkka ń darí lọ sílé, ara rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ọmọge.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan tí yìnyín ti bo ilẹ̀, Rowena wá mu kọfí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun láti ilé.

"Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ọmọ kan ṣe. Ó ní òun bí mẹ́fà, òun ò kú. Màmá, ọwọ́ mi méjèèjì ti kún. Kí n bí òmíràn kí n gbé e ka ibo?"

Hilkka ń rẹ́rìn-ín lọ, ó fẹ́ ní, "Àwa ìyá la jẹ́ bẹ́ẹ̀," ṣùgbọ́n ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn Sanelma, ìyá Tauno, ló gbọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ìdí tábìlì yìí gan-an ni Sanelma jókòó sí nígbà tí Outi ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ó wo ikùn Hilkka, tí ó ní, "Igi gbígbẹ lo fẹ́ dà." Ọjọ́ náà, Hilkka lọ sunkún nínú ilé igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ náà ló ti gbé mì láti ọjọ́ yìí, òun náà ló sì bì lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Bẹ́ẹ̀ òun náà kò fẹ́ bí òmíràn. Láti kékeré ni ó ti ń fọ aṣọ ìtẹ̀dí àwọn àbúrò rẹ̀ nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sójú adágún tó ti di yìnyín, tí ìka rẹ̀ á kú. Ìyá rẹ̀ kò tíì pé àádọ́ta ọdún tí ó fi dágbére fún ayé; àárẹ̀ ló pa á. Hilkka sọ fún Tauno pé òun ò ní bí ju ẹyọ kan lọ, Tauno sì gbà. Kò sọ fún Outi rí. Outi dàgbà, ó rò pé Ọlọ́run ni kò fún ìyá òun ní òmíràn.

Nígbà tí Rowena lọ, Hilkka pe Outi.

"Màmá? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Jókòó. Mo fẹ́ sọ ìdí tí o ò fi ní àbúrò fún ẹ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí adágún títí dórí Sanelma. Outi kò dá a lẹ́nu. Nígbà tí ó parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Outi ní.

"Ṣé ẹ fẹ́ èmi gan-an, Màmá?" Outi béèrè.

"Ìwọ ni mo fẹ́. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́. Ohun tí ó yẹ kí n ti sọ nínú sáúnà nìyẹn."

Outi ń sunkún. Ó ní ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ yẹn ṣì ń dun òun, òun ò ní purọ́. Hilkka ní kí ó jẹ́ kí ó dun ún bó ṣe yẹ, òun ò ní kánjú. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, fóònù dún.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, Rowena rí iṣẹ́ tó sàn jù nílùú Oulu, níbi tí àwọn ará orílẹ̀-èdè rẹ̀ pọ̀ sí. Hilkka di oúnjẹ fún wọn, ó gbá Ligaya mọ́ra, ó ń juwọ́ títí mọ́tò fi wọ inú igbó. Ó wọlé, ó jókòó, kò sì lè jẹun. Ó sọ ọ́ fún Outi lórí fóònù láìbò ó.

Lọ́jọ́ Friday, Outi dé, òun nìkan, ó wọ aṣọ iṣẹ́.

"Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi Bàbá ń jò," ó wí.

Wọ́n dojú ọkọ̀ náà délẹ̀ létí omi, wọ́n sì ń fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Nígbà tí ó yá, Outi ní, "Ìbéèrè yín yẹn, ti omi mímu. Ó máa ń dẹ́rù bà mí nígbà mìíràn."

"Èmi náà ò mọ èsì rẹ̀," Hilkka wí. "Mo ṣì máa ń wo àwọn tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ọkàn mi á sì bàjẹ́ díẹ̀. Ìyẹn ò ní lọ. Ṣùgbọ́n tèmi ni, kì í ṣe ẹrù tìrẹ."

Outi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì fi ọ̀dà para níwájú orí. Hilkka rí i, kò sọ fún un. Nígbà tí Outi rí ara rẹ̀ nínú omi, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ ti rí i látàárọ̀, àbí?"

"Ó yẹ ẹ́," ni Hilkka wí, ó sì na aṣọ ìnuwọ́ sí i.