Kànga Tí Kò Nísàlẹ̀

Ìyá Òfin gbé káàdì tí wọ́n pè ní Kànga lélẹ̀, ó fa káàdì méjì. Àbúrò rẹ̀, tó jókòó sí òdìkejì tábìlì, fa ẹyọ kan. Bí káàdì tuntun náà ṣe wí nìyẹn: ìwọ fa méjì, kí alátakò rẹ fa ọ̀kan. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ gbogbo ẹni tó wọ yàrá iṣẹ́ yìí pé fífa káàdì kì í ṣe ọ̀fẹ́: o fẹ́ fa méjì, kọ́kọ́ ju ọ̀kan nù. Òun ló ń kọ òfin eré káàdì tí ilé-iṣẹ́ wọn ń tà, ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Ilé-ìwé alẹ́ ló ti kọ́ ìṣirò tó fi ń wọn káàdì, ọdún mẹ́rin gbáko, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Àbúrò rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ mú wọ iṣẹ́, kò tíì lo ọdún kan tó fi gbé Kànga jáde. Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín ayọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bó bá la ìdánwò òní já, iwájú páálí tuntun ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí, ẹni tó ṣe é ló sì máa di olórí yàrá. Láti ìgbà náà ni Ìyá Òfin ti ń ka iye ìgbà tí ọ̀gá ń dárúkọ káàdì ọ̀hún. Lọ́jọ́ Ajé nìkan, ìgbà mọ́kànlá ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbà fún mi?" àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Má tíì jó o."

Ìyá Òfin fi Olè lélẹ̀, káàdì àtijọ́ tí òun ṣe: bí alátakò bá fa káàdì nígbà tí kò tíì kàn án, mú káàdì kan tí o ti lò padà sọ́wọ́. Ó wá gbé Kànga kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ó fa méjì, àbúrò rẹ̀ fa ọ̀kan, Olè sì dá Kànga padà. Ó tún gbé e lélẹ̀. Olè tún dá a padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ẹ̀rín ti kúrò lójú àbúrò, Ìyá Òfin sì ti ń fi àyà gbá káàdì mú.

"Ó tó," ni ọ̀gá wí láti ẹ̀yìn wọn, níbi tó ti ń wo ìdánwò náà. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kànga yìí ò nísàlẹ̀. Olè ti wà nílé àwọn oníbàárà, a ò lè gbà á padà. Tuntun la máa sọ nù."

Ohun tí Ìyá Òfin ń retí gan-an nìyẹn. Àmọ́ àbúrò rẹ̀ kò jiyàn. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò pa etí káàdì náà, bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Kí Ìyá Òfin tó mọ̀, pẹ́ńsùlù ti wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ Kànga: *Lẹ́yìn lílò, yọ káàdì yìí kúrò nínú eré.*

Ọ̀gá kà á, ó pàtẹ́wọ́. "Lójú ẹsẹ̀! Ìyá Òfin, ẹ̀yin gan-an ni olórí yàrá."

Àbúrò rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ rí àbùkù yìí?"

Ìyá Òfin lè sọ pé òní ni. Ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ náà bó ṣe ń rántí gbogbo ọjọ́ tí nǹkan dùn ún: Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àbúrò rẹ̀ wá sílé, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, ọkàn mi ò balẹ̀, ó dà bíi pé ó ní ihò níbì kan." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òwe náà wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dá a lóhùn pé kò síhò kankan.

"Ọjọ́ Ẹtì," ló wí.

"Kí n tó wá sílé yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó to káàdì tirẹ̀ jọ, ó sì ti àga rẹ̀ sábẹ́ tábìlì jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣé, mà."

Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é. Ìyá Òfin gbọ́ "mà" náà tán, ó sì mọ̀ pé ohun tí olórí yàrá máa máa gbọ́ láti òní lọ nìyẹn.