Àmì Orí «Ku»

3.

…títí ògiri fi gbé ọmọ tó gbẹ̀yìn mì. Ẹ̀rù inú ìwé yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Ti ilé ni. Ilé kan ń pe àwọn ọmọ inú rẹ̀ lórúkọ lọ́sàn-án gangan. Èyí tó bá dáhùn, ó wọ inú ògiri lọ nìyẹn. Ìyá wọn ń wá wọn kiri pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

Mo ti yẹ ìwé iwin púpọ̀ wò, mo ti yẹ ti àwọn tó ń gbé inú òṣùpá wò. Kò sí èyí tó mú mi máa fọwọ́ kan ògiri kí n tó wọlé, àfi èyí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo fi ọ̀kan pamọ́ nítorí gbólóhùn ìparí.

4.

Obed ló kọ ìwé náà. Ọmọ ìjọ wa ni, ní Kúdẹtì. Ó kú kí ìwé tó jáde.

Ẹ̀rọ atẹ̀wé kò mọ àmì ohùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ Obed jáde ní ìhòòhò. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò kà á já, títí yóò fi dé ìlà tó kẹ́yìn:

I Y A   N I K A N   L O   K U

5.

kú: àwọn ọmọ yè, ìyá ló lọ.

kù: àwọn ọmọ lọ, ìyá ló ṣẹ́kù.

Ẹni tó ń fi ojú kà lè fò ó. Ẹnu kò lè fò ó.

6.

«Ìtùnú.»

6.

Orúkọ mi ni. N kò dáhùn. Ọ̀sán ni. Kò sí ẹnì kankan nílé.

8. (Wáàsáàpù)

JUBRIL, ATẸ̀WÉ, ỌJÀ'BA: Àntí Ìtùnú, ẹ kú iṣẹ́. Àmì tí ẹ ń bá wa fi sí ìwé Obed ńkọ́? A fẹ́ tún un tẹ̀.

ÈMI: Mo ti fi sí gbogbo rẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ kan.

JUBRIL: Ó ku ọ̀rọ̀ wo?

ÈMI: Ku.

JUBRIL: Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó ku èwo?

ÈMI: Ku ni ọ̀rọ̀ náà.

JUBRIL: Ẹ lọ sinmi, Àntí. Ẹ ò tíì jẹun.

9. (Ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, lẹ́yìn tí mo fi ohùn mi ránṣẹ́, tí mo ka abala ìparí fún wọn)

OLÚWADÁMILỌ́LÁ: Àntí, ẹ bà mí nínú jẹ́. Kí ló dé tí ìyá yẹn fi kú?

MISBAUDEEN: Ta ló kú? Kù ni wọ́n pè é.

OLÚWADÁMILỌ́LÁ: Kú ni. Mo ti tún un gbọ́.

MISBAUDEEN: Ẹni tó ń dín dòdò tó tún ń gbọ́ ìwé. Òróró ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

ÈMI: Ẹ dákẹ́ ná. N kò ka ìlà yẹn rárá. Mo dúró níbi tí ìyá ti gbé abọ́ kalẹ̀.



10.

Mo tún ohùn tí mo fi ránṣẹ́ gbọ́ fúnra mi. Ohùn mi dúró. Ẹnì kan mí. Mo gbàdúrà, mo sì pa á rẹ́.

10.

Kò parẹ́.

11.

Ìyá Obed ló yẹ kí n gbàdúrà fún. Òun nìkan ló wà nílé wọn ní Pópó Yemọja báyìí. Ọkọ lọ, àwọn ọmọ lọ, Obed ló gbẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ kò rí ìwé mọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń lọ ka ìwé ọmọ rẹ̀ fún un. A ti dé ojú ewé ìparí.

Ìyá inú ìwé gbé abọ́ kalẹ̀. Ó jókòó. Ó pe àwọn ọmọ, wọn kò dá a lóhùn. Òkú kì í jókòó ti oúnjẹ. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ mi, *kù* ni.

Bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, mo ti sọ fún abiyamọ pé ọmọ rẹ̀ ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ìyá òun nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Bí mo bá pè é ní *kú*, mo ti jẹ́rìí èké sí òkú.

Olúwa, èwo ni ìfẹ́?

12. (Ní pálọ̀ rẹ̀)

ÌYÁ OBED: Ìtùnú, ojú ewé tó kù dà?

ÈMI: Màmá, òjò ń ṣú.

ÌYÁ OBED: Ṣé òjò ló fẹ́ kà á ni?

ÈMI: Wọn ò fi àmì sí i, mà. Ó lè jẹ́ pé ìyá kú. Ó lè jẹ́ pé ìyá kù.

ÌYÁ OBED: Èmi ni ìyá yẹn, àbí?

ÈMI: Ìtàn lásán ni, mà.

ÌYÁ OBED: Abọ́ mi wà ńbẹ̀. Bí mo ṣe ń sín wà ńbẹ̀. Ìtàn lásán. (Ó rẹ́rìn-ín.) Ẹ̀rù ń bà ọ́ kí o má baà pa mí.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ OBED: Pa mí. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ló kú, Obed wà láàyè nínú ìwé yẹn. Ṣé o ò rí i ni?

13.

N kò rí i tẹ́lẹ̀.

14.

Nínú orin ìjọ, ohùn orin máa ń gba àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀. Láti kékeré la ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ń gòkè níbi tó yẹ ká sọ̀kalẹ̀, oníkálukú sì ń gbọ́ ohun tó gbàgbọ́. Kò sí ẹni tó pè é ní irọ́.

N kò ka ìlà náà. Mo kọ ọ́ lórin.

15.

iya
      nikan
  lo

ku

16.

ÌYÁ OBED: Mo gbọ́.

ÈMI: Kí lẹ gbọ́, mà?

ÌYÁ OBED (ó kọjú sí yàrá inú): Obed, ṣé ìwọ náà gbọ́?

17.

Mo ti pa ẹnu mi dé nígbà yẹn.

Orin náà kò dákẹ́.