Kí Ni Doña Cuca Jẹ́ sí Don Anselmo?

Ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ará agboolé kan ní ìlú Orizaba, níbi tí wọ́n ti ń fi doña àti don bọ̀wọ̀ fún àgbà: kí ni doña Cuca jẹ́ sí don Anselmo? Àwọn obìnrin tó ń pàdé níbi ìfọṣọ ti dá a lóhùn bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìdáhùn náà jù lọ ni doña Cuca fúnra rẹ̀, nítorí òun alára kò mọ̀ ọ́n.

Opó ni, gelatina aláwọ̀ mèremère, ìyẹn oúnjẹ dídùn tó ń dì bí ẹ̀kọ, ló ń ṣe tà nínú ife. Don Anselmo, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ irin, ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, kò sì gbéyàwó rí. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ra tortilla gbígbóná, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, dání, á wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹun tán, á dúpẹ́, á dìde, á gba àárín agboolé kọjá lọ sí yàrá tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ nìyẹn. Ta ni kò ní fẹ́ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ?

Bí a bá sì ń sọ òótọ́, ahun ni don Anselmo. Á rin ìrìn àjò la ìlú já nítorí ọṣẹ tó fi kọ́bọ̀ dín lówó. Nígbà tí nǹkan funfun bo ẹyinjú ọ̀tún doña Cuca, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, obìnrin náà di owó rẹ̀ sínú aṣọ lọ sílé ìwòsàn. Igbe ni don Anselmo fi bọnu.

"Owó lọ́wọ́ kẹ̀? Ẹ gbé e padà sápò! Ẹni tó bá fowó lọ́wọ́ tọ́jú ara rẹ̀, ìjọba ò ní yọ nǹkan kan kúrò nínú owó orí rẹ̀. Káàdì là ń lò!"

Ló bá fi káàdì tirẹ̀ san án, ó gba rìsíìtì lórúkọ ara rẹ̀, ó ní kí doña Cuca ní sùúrù di oṣù Épírì kó tó san owó náà padà fóun, kí àwọn kọ́kọ́ gba èyí tí ìjọba máa dá padà nínú owó orí òun ná.

Nígbà tí Épírì dé, Chayo tó ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ doña Cuca gbọ́ pé wọ́n ń lọ sí ọ́fíìsì owó orí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Yéè! Mo ti ṣe ti ìyá mi níbẹ̀ rí. Wọ́n á bi í pé kí lẹ jẹ́ sí i. Ìyàwó ni, àbí ìyá, àbí ọmọ? Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ìyá rẹ̀!"

Ó yẹ kí doña Cuca ta don Anselmo lólobó. Kò ta á. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó sì tẹ̀ lé e.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yadira ló dá wọn lóhùn. Ó yẹ ìwé don Anselmo wò lórí kọ̀ǹpútà. "Rìsíìtì eyín yín dáa. Ti awò ojú yín náà dáa. Iṣẹ́ abẹ ojú yìí ńkọ́? Ìwé náà sọ pé ìyá yìí ni wọ́n ṣe é fún."

"Èmi ni mo san án," don Anselmo fèsì. Ó ti rò pé ẹni tó bá ti sanwó ló ni owó tí wọ́n máa dá padà, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Mo rí i. Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

Doña Cuca sún mọ́ tábìlì kó lè gbọ́ dáadáa. Don Anselmo ti káàdì ìdánimọ̀ àwọn méjèèjì síwájú lórí tábìlì.

"A... a jọ ń gbé agboolé kan náà ni."

"Ìyẹn ò sí nínú òfin, bàbá. Ìyàwó, ẹni tí ẹ jọ ń gbé bíi tọkọtaya, òbí, àti ọmọ nìkan ni." Yadira wo káàdì ìdánimọ̀ wọn. "Àmọ́ nọ́ńbà ilé kan náà ló wà níbí. Ṣé ẹ jọ ń gbé bíi tọkọtaya ni?"

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo agboolé náà ní, tó fi mọ́ Chayo àti ológbò rẹ̀. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló kù kí owó náà bọ́ sí don Anselmo lọ́wọ́. Doña Cuca wo ẹ̀gbẹ́ ojú don Anselmo, ó rí òógùn tó ń ṣàn níbẹ̀.

"Rárá," don Anselmo wí. "Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Ó dun doña Cuca wọra. Ìdáhùn tó ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn. Ó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀ kó lè dìde.

"Ṣé ó dá yín lójú, bàbá? Owó ńlá mà ni o."

"Ó dá mi lójú. Mi ò tíì bi í léèrè. Ṣé ìjọba ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ni?"

Bàbá kan tó tò sẹ́yìn wọn lórí ìlà kígbe pé, "Ẹ yáa bi í nísinsìnyí, ìlà ò lọ mọ́!"

Don Anselmo ò lè gbójú sókè. Doña Cuca fi báàgì sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú.

"Ọmọ mi, èló lowó tí bàbá yìí pàdánù yẹn?"

Yadira yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. Doña Cuca wo iye náà títí. Ó mọ ahun tó jókòó ti òun yìí, ó mọ bí ó ṣe ń ṣírò iyọ̀ inú ọbẹ̀, síbẹ̀ ó ti fi gbogbo iye yẹn sílẹ̀ nítorí òun; omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo gbà," ó wí.

Don Anselmo yíjú sí i. "Mi ò mà tíì béèrè."

"Ẹ ti béèrè."